Ta ló rán aṣòfin níṣẹ́ ańbásádọ̀? Bí àwọn ilé ìgbìmọ̀ ṣe ń bá ara wọn ṣe nígbà àjàkálẹ̀ àrùn

Lọ́jọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún 2021, bàálù ológun Amẹ́ríkà kan balẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú Songshan nílùú Taipei, ní Taiwan. Irú bàálù ràgàjì tí wọ́n fi ń kó ọkọ̀ ogun ni, àmọ́ ogun kọ́ ló gbé àwọn mẹ́ta tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ẹ̀ wá. Sẹ́nétọ̀ ni wọ́n: Tammy Duckworth, Dan Sullivan àti Chris Coons. Ìbòmú wà lẹ́nu gbogbo wọn. Wọn ò wọ ìgboro lọ rárá. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti pàdé àwọn aláṣẹ Taiwan, wọ́n kéde pé Amẹ́ríkà máa fún Taiwan ní abẹ́rẹ́ àjẹsára 750,000, nígbà tó sì fi máa tó bíi wákàtí mẹ́ta, wọ́n ti gbéra.

Irú ìròyìn báyìí máa ń ta kókó síni lọ́pọlọ. Ṣé kì í ṣe mínísítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ló yẹ kó lọ kéde irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Kí ni ti aṣòfin níbẹ̀? Ta ló rán wọn? Ìbéèrè kan náà ló sì jáde nígbà tí àwòrán àwọn aṣòfin kún orí ẹ̀rọ ayélujára lásìkò Kòrónà, tí ojú tó pọ̀ rẹpẹtẹ tò sínú àpótí kéékèèké, tí wọ́n ní ìpàdé àgbáyé ni wọ́n ń ṣe. Àwọn kan ní eré ni. Àwọn míì ní ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta orílẹ̀-èdè wọn láìjẹ́ kí ará ìlú mọ̀. Kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀ nínú méjèèjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti àkọ́kọ́ yẹn, mi ò lè bá a jiyàn tán pátápátá.

Ańbásádọ̀ ń jíṣẹ́, aṣòfin ń sọ tẹnu ẹ̀

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ẹnì kan sọ́tọ̀ kúrò lára ẹnì kejì. Ẹ̀ka aláṣẹ ni ti ààrẹ tàbí olóòtú ìjọba pẹ̀lú àwọn mínísítà rẹ̀, àwọn tó ń darí iṣẹ́ ìlú lójoojúmọ́. Ẹ̀ka aṣòfin ni ilé ìgbìmọ̀: àwọn ló ń ṣe òfin, àwọn ló ń fọwọ́ sí owó tí ìjọba máa ná, àwọn náà ló sì lẹ́tọ̀ọ́ láti pe aláṣẹ pé kó wá ṣàlàyé ohun tó fi agbára ṣe. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ẹ̀ka aláṣẹ ni òfin gbé àjọṣe pẹ̀lú ilẹ̀ òkèèrè lé lọ́wọ́. Abẹ́ wọn ni ańbásádọ̀ wà. Ohun tí wọ́n bá ní kó lọ sọ ló máa sọ, ìbáà tẹ́ ẹ lọ́rùn, ìbáà má tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bó bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, wọ́n á pè é padà sílé.

Ti aṣòfin kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó dìbò fún un ló rán an níṣẹ́, kì í ṣe ààrẹ. Tó bá dé ilẹ̀ òkèèrè, ó lè sọ ohun tí ìjọba ilé rẹ̀ ò fẹ́ gbọ́ sétí, kò sì sí mínísítà tó máa ní kó máa bọ̀ nílé. Àmọ́ òmìnira yẹn ní iye tó ń gbà: aṣòfin kò lè buwọ́ lu ìwé àdéhùn kankan lórúkọ orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè wúwo, ó lè fúyẹ́, àmọ́ kò de ìjọba.

Ẹ fi ojú inú wo ẹbí ńlá méjì. Olórí ẹbí ló ń lọ jókòó pẹ̀lú ẹbí kejì, òun ló ń sọ pé “a gbà” tàbí “a ò gbà”. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan wà nílé tó jẹ́ pé ọwọ́ wọn ni okùn àpò wà. Bí wọn ò bá tú u, gbogbo ohun tí olórí ẹbí gbà níta, ẹnu lásán ni. Ká wá ní àwọn àgbà ẹbí méjèèjì ti mọra wọn láti ọdún mọ́dún, wọ́n ń kíra wọn, wọ́n ń pera wọn lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ tí ì bá di ìjà á ti rọ̀ kó tó dé ìta gbangba. Ohun tá à ń pè ní àjọṣe àwọn aṣòfin kárí ayé kò ju ìyẹn lọ.

Kì í sì í ṣe àṣà tuntun. Ọdún 1889 ni aṣòfin méjì, William Randal Cremer láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Frédéric Passy láti ilẹ̀ Faransé, kó àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn jọ sí Paris láti wá bí wọ́n ṣe lè máa fi ọ̀rọ̀ sísọ parí aáwọ̀ dípò ogun. Ẹgbẹ́ tó tìbẹ̀ jáde ló di Ẹgbẹ́ Àwọn Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Lágbàáyé, IPU, tí oríléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Geneva báyìí, tí ilé ìgbìmọ̀ bíi 180 sì wà nínú ẹ̀. Passy wà lára ẹni méjì tó kọ́kọ́ gba Ẹ̀bùn Àlàáfíà Nobel lọ́dún 1901. Cremer gba tiẹ̀ ní 1903. Nígbà tí wọ́n dá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sílẹ̀ lọ́dún 1945, àwọn aṣòfin ti ń pàdé fún ọdún 56. Yàtọ̀ sí IPU, àwọn ilé ìgbìmọ̀ agbègbè wà: ti ilẹ̀ Yúróòpù, ti Áfíríkà ní Midrand lórílẹ̀-èdè Gúúsù Áfíríkà, ti ECOWAS, ti àwọn orílẹ̀-èdè ASEAN ní ìlà oòrùn gúúsù Éṣíà. Ọ̀pọ̀ ilé ìgbìmọ̀ tún ní ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́, níbi tí àwọn aṣòfin orílẹ̀-èdè méjì ti máa ń mọra wọn lójúkojú.

Kí ló kan aṣòfin nínú ọ̀rọ̀ àrùn?

Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ lọ́jọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2020 pé Kòrónà ti di àjàkálẹ̀ àrùn tó kárí ayé, ojú àwọn dókítà ni gbogbo èèyàn ń wò. Ṣùgbọ́n dókítà kò lè ti ẹnubodè. Kò lè yá owó lórúkọ ìlú. Kò lè sọ pé kí ilé iṣẹ́ oògùn má san owó ibodè lórí ẹrù tó ń kó wọlé. Òfin ló ń ṣe gbogbo ìyẹn, owó ló sì ń gbé e rìn.

Àrùn náà kò sì mọ ààlà. Bí orílẹ̀-èdè kan bá ṣe òfin pé ìbòmú tàbí abẹ́rẹ́ kò gbọ́dọ̀ jáde níbẹ̀, ibùsùn aláìsàn lórílẹ̀-èdè míì ni òfin yẹn máa ti dunni. Aṣòfin tó bá ń ṣòfin lásìkò bẹ́ẹ̀, ó ń ṣòfin fún àwọn tí kò dìbò fún un, tó mọ̀ o, tí kò mọ̀ o. Ìdí nìyí tó fi yẹ kó mọ ẹni tó máa pè lódìkejì ààlà kó tó gbé ọwọ́ sókè dìbò.

Nígbà tí ẹnikẹ́ni ò lè wọ bàálù

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni pé iṣẹ́ yìí, ìrìnàjò ló fi ń jẹun. Ìrìnàjò sì ti di ewu. Ilé ìgbìmọ̀ gan-an, ibi tí àrùn fẹ́ràn ni: ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, yàrá pípadé, ọ̀rọ̀ kíké, ọwọ́ bíbọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta ọdún 2020, wọ́n kéde ní Íráànì pé àyẹ̀wò fi hàn pé aṣòfin 23 nínú 290 tó wà nílé náà ti kó o. Ìpàdé ńlá tí IPU fẹ́ ṣe ní Geneva lóṣù Kẹrin ọdún náà kò lè wáyé mọ́.

Oníkálùkù wá ń wá ọgbọ́n dá. Ní Bùràsíìlì, ilé ìgbìmọ̀ àgbà ṣe ìjókòó tó jẹ́ pé orí ẹ̀rọ ni wọ́n ti dìbò lọ́jọ́ 20 oṣù Kẹta. Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn ìyẹn ló kan ilé ìgbìmọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù, tiwọn ló sì pa mí lẹ́rìn-ín jù. Wọ́n á fi ìwé ìbò ránṣẹ́ sí aṣòfin lórí ímeèlì, á tẹ̀ ẹ́ jáde sórí pépà, á fi bírò sàmì síbi tó fẹ́, á buwọ́ lù ú, á wá yà á padà sórí ẹ̀rọ kó tó fi ránṣẹ́ padà. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n dìbò lé lórí lọ́jọ́ yẹn ni òfin kan tó ń jẹ́ kí àwọn ilé iṣẹ́ bàálù máa fò lófìfo, kí wọ́n má baà pàdánù àyè wọn ní pápákọ̀. Wọ́n dá òfin yẹn dúró. Bàálù tí kò gbé ẹnì kankan kò nílò láti máa sun epo mọ́.

Ìdìbò nílé tiẹ̀ rọrùn. Ti àárín orílẹ̀-èdè ló le. Lóṣù Kẹjọ ọdún 2020, àwọn abẹnugan ilé ìgbìmọ̀ lágbàáyé tó yẹ kí wọ́n pàdé ní Vienna ṣe é lórí ẹ̀rọ. Ó di oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021 kí wọ́n tó fojú kojú níbẹ̀. Lóṣù Kọkànlá ọdún 2020, IPU fẹ́ yan ààrẹ tuntun. Ìbò ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n máa ń dì, wọn kò sì lè kóra jọ sójú kan. Orí ẹ̀rọ ni wọ́n dì í, Duarte Pacheco láti ilẹ̀ Pọtogí ló wọlé. Oṣù Karùn-ún ọdún 2021 ni wọ́n wá ṣe ìpàdé gbogbogbòò àkọ́kọ́ tó jẹ́ pé orí ẹ̀rọ ni gbogbo rẹ̀ wà, tó sì dá lórí bí ilé ìgbìmọ̀ ṣe máa ràn ayé lọ́wọ́ láti borí àrùn náà.

Ẹni tó bá ti ṣe irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ rí á mọ ohun tí mò ń sọ. “Ẹ jọ̀ọ́, a ò gbọ́ yín, ẹ tan ohùn yín.” Kò yọ abẹnugan sílẹ̀. Aago náà tún wà níbẹ̀: bí aago méjì ọ̀sán bá lù ní Geneva lóṣù Karùn-ún ọdún yẹn, aago méje àárọ̀ ló lù ní Ìlú Mẹ́síkò, aago méjìlá òru ló sì lù ní Fiji. Ẹnì kan ń jí, ẹnì kan ń tòògbé, wọ́n ní kí wọ́n jọ fẹnu kò.

Ohun tó bọ́ sọnù jù kì í ṣe oorun o. Nínú ìpàdé àgbáyé, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kà níwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ló ti kọ ọ́ láti ilé. Kò sẹ́ni tó ń yí ọkàn padà nítorí ẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ibẹ̀ ni aṣòfin orílẹ̀-èdè méjì tó ń bára wọn ṣọ̀tá á ti dúró ṣẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ẹni tó ń wá tíì, tí ọ̀kan á ní, “Gbólóhùn kẹta yẹn, a ò lè gbà á bó ṣe wà yìí, àmọ́ bẹ́ ẹ bá yọ ọ̀rọ̀ kan báyìí kúrò…” Ìpàdé orí ẹ̀rọ kò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá sọ̀rọ̀, gbogbo ilé ló gbọ́, wọ́n sì ń gbà á sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kì í sọ ohun tó lè fi sílẹ̀, ohun tó ń bèèrè nìkan ló máa ń sọ.

Síbẹ̀, èmi ò ní sọ pé òfò ni gbogbo rẹ̀. Orílẹ̀-èdè kékeré tí kò lówó láti kó èèyàn mẹ́jọ wọ bàálù rí àyè jókòó bíi ti àwọn ọlọ́rọ̀. Ẹni tí àìsàn tàbí ọmọ ọwọ́ kì í jẹ́ kó rìnrìn àjò náà ráyè sọ tẹnu ẹ̀.

Ibi tí ańbásádọ̀ kò lè wọ̀

Ẹ jẹ́ ká padà sí Taipei. Láti ọdún 1979 ni Amẹ́ríkà ti gé àjọṣe ìjọba sí ìjọba pẹ̀lú Taiwan, nítorí Ṣáínà tó ní tòun ni erékùṣù náà. Kò sí ańbásádọ̀ Amẹ́ríkà kankan níbẹ̀. Tí ààrẹ bá fẹ́ fi hàn pé òun kò gbàgbé wọn, tí kò sì fẹ́ kí ilé gbiná, ta ni kó rán? Aṣòfin. Bí Ṣáínà bá pariwo, wọ́n á ní, “Aṣòfin lèyí, ẹ̀ka tiwọn dá dúró.” Ariwo náà kò ní ṣàìsọ, àmọ́ kò ní dé ibi tí ì bá dé ká ní mínísítà ló lọ. Pé wọ́n gbé bàálù ológun fún wọn fi hàn pé ìjọba mọ̀ sí i dáadáa. Alárinà ni wọ́n.

Ti orílẹ̀-èdè Czech yàtọ̀, ó sì tún dùn-ún gbọ́ jù ú lọ, torí pé ìjọba tiwọn kò fẹ́ rárá. Jaroslav Kubera, olórí ilé ìgbìmọ̀ àgbà wọn, ti ń múra láti lọ sí Taiwan. Iléeṣẹ́ aṣojú Ṣáínà ní Prague kọ lẹ́tà pé bó bá lọ, àwọn iléeṣẹ́ Czech tó ń tajà ní Ṣáínà máa jìyà ẹ̀. Kubera kú lójijì lóṣù Kìíní ọdún 2020. Ẹni tó gbapò rẹ̀, Miloš Vystrčil, ló ní òun máa parí ìrìnàjò náà. Ààrẹ orílẹ̀-èdè náà lòdì sí i, olóòtú ìjọba náà kò fara mọ́ ọn. Kò sí èyí tó lè dá a dúró nínú àwọn méjèèjì, nítorí pé kò sí èyí tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀.

Ìparí oṣù Kẹjọ ọdún yẹn ló kó bí 90 èèyàn lẹ́yìn, tí wọ́n dé Taipei tìbòmú-tìbòmú, nígbà tí ọ̀pọ̀ ayé ṣì ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Lọ́jọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án, ó dúró níwájú ilé ìgbìmọ̀ Taiwan, ó sì fi èdè Ṣáínà parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé ará Taiwan lòun. Gbogbo ilé dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Ṣáínà, Wang Yi, sọ pé ó máa san gbèsè ńlá lórí ẹ̀.

Kí ni èyí wá ní í ṣe pẹ̀lú àrùn? Ó ní. Nígbà tí ìbòmú wọ́n bí ojú níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, Taiwan wà lára àwọn tó fi ránṣẹ́ sí Czech. Ní oṣù Keje ọdún 2021, nígbà tí abẹ́rẹ́ ń wọ́n Taiwan, Czech pinnu láti fi 30,000 ránṣẹ́ sí wọn. Ìjọba ló fún wọn ní abẹ́rẹ́ yẹn, kì í ṣe Vystrčil. Ẹnu ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ ni wọ́n gbà kọjá.

Gbogbo irú àjọṣe báyìí kọ́ ló ń mú ọ̀rẹ́ wá o. Nínú ọdún 2020 náà, lóṣù Kẹfà, àwọn aṣòfin láti orílẹ̀-èdè mélòó kan dá ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní IPAC sílẹ̀, kìkì láti kojú Ṣáínà. Aṣòfin lè so, ó lè tú.

Okùn àpò

Àwòrán bàálù àti àtẹ́wọ́ ló máa ń jáde nínú ìròyìn. Lójú tèmi, ibi tí aṣòfin ti wúlò jù fún ẹni tó wà lórílẹ̀-èdè míì ni ìjókòó ìṣúná tí kò sí oníròyìn tó fẹ́ wò.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Lóṣù Keje ọdún 2020, Ààrẹ Trump kọ̀wé pé Amẹ́ríkà ń jáde kúrò nínú Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ìjọba rẹ̀ kò sì dara pọ̀ mọ́ COVAX, ètò tí wọ́n gbé kalẹ̀ kí abẹ́rẹ́ lè dé ọ̀dọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó tó. Lójú ẹni tó ń wò láti òkèèrè, Amẹ́ríkà ti kọ ẹ̀yìn sí ayé nìyẹn. Ṣùgbọ́n lóṣù Kejìlá, àwọn aṣòfin fi bílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là sínú ìwé ìṣúná fún Gavi, ọ̀kan lára àwọn àjọ tó ń darí COVAX. Ìwé náà nípọn ju kí ẹnikẹ́ni kà á tán lọ, owó náà sì wà láàárín ọ̀pọ̀ nǹkan míì. Trump fúnra rẹ̀ ló buwọ́ lù ú lọ́jọ́ 27 oṣù náà. Nígbà tí Ààrẹ Biden dé, tó kéde lóṣù Kejì ọdún 2021 pé Amẹ́ríkà máa fi bílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là ran ètò náà lọ́wọ́, gbogbo ayé ń kí i. Owó tí àwọn aṣòfin ti yà sọ́tọ̀ kó tó gorí oyè ni. Oṣù yẹn kan náà, lọ́jọ́ 24, ni abẹ́rẹ́ COVAX àkọ́kọ́ balẹ̀ sí Gánà, 600,000.

Ọwọ́ tó ń tú okùn náà ló ń so ó. Lọ́jọ́ 13 oṣù Keje ọdún 2021, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé e wá sílé pé gbèsè tí àrùn náà kó àwọn sí pọ̀, nítorí náà kí owó ìrànwọ́ fún ilẹ̀ òkèèrè wà ní ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún orílẹ̀-èdè náà, dípò 0.7 tó wà tẹ́lẹ̀. Aṣòfin 333 gbà, 298 kọ̀. Theresa May tó ti jẹ́ olóòtú ìjọba wọn rí wà lára àwọn tó kọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú tirẹ̀ ló ń ṣèjọba. Ìyàtọ̀ ìbò 35 ló mú iṣẹ́ ìlera àti ẹ̀kọ́ dínkù láwọn ibi tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò dé rí.

Ọ̀rọ̀ gbèsè náà tún wà níbẹ̀. Lọ́dún 2020, Fẹ́mi Gbàjàbíàmílà, tó jẹ́ abẹnugan ilé aṣojú-ṣòfin Nàìjíríà nígbà náà, kó àwọn abẹnugan orílẹ̀-èdè Áfíríkà mélòó kan jọ sórí ẹ̀rọ kí wọ́n lè jùmọ̀ bèèrè pé kí wọ́n fagi lé gbèsè ilẹ̀ Áfíríkà. Ọgbọ́n tó wà nídìí ẹ̀ ni pé ilé ìgbìmọ̀ ló ń fọwọ́ sí ìyáwó ìjọba, nítorí náà ó lẹ́nu níbẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ G20 kò fagi lé e. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n sún ọjọ́ ìsanwó síwájú, láti oṣù Karùn-ún ọdún 2020 títí di ìparí ọdún 2021: orílẹ̀-èdè 48 jàǹfààní rẹ̀, bílíọ̀nù 12.9 dọ́là ló sì dúró díẹ̀. Ẹni tí wọ́n sún ọjọ́ gbèsè rẹ̀ síwájú mọ̀ pé gbèsè náà kò kú.

Ìbò tí kò de ẹnikẹ́ni

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣìnà. Lóṣù Kẹwàá ọdún 2020, Íńdíà àti Gúúsù Áfíríkà bẹ Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé pé kí wọ́n dá òfin tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn tó ṣàwárí oògùn dúró fúngbà díẹ̀, kí àwọn ilé iṣẹ́ míì lè máa ṣe abẹ́rẹ́ Kòrónà láìsí pé ẹnì kan gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Àwọn aláṣẹ ilẹ̀ Yúróòpù kò gbà. Lóṣù Kẹfà ọdún 2021, ilé ìgbìmọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù dìbò, wọ́n ní kí wọ́n gbà: 355 fẹ́ ẹ, 263 kò fẹ́, 71 dákẹ́. Àwọn kan gbé e kiri pé ọ̀rọ̀ ti parí, Yúróòpù ti gbà.

Kò parí. Àbá lásán ni wọ́n dìbò fún, òfin kọ́. Àwọn aláṣẹ tó ń jókòó nídìí tábìlì Àjọ Ìṣòwò kò yí ẹsẹ̀ padà nítorí ẹ̀. Nígbà tí ìpinnu wá jáde lóṣù Kẹfà ọdún 2022, ó kéré gan-an sí ohun tí Íńdíà àti Gúúsù Áfíríkà bèèrè: abẹ́rẹ́ nìkan ló kàn, kò kan oògùn àti ohun èlò àyẹ̀wò. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ pé ilé ìgbìmọ̀ kan “pinnu” nǹkan lórí ọ̀rọ̀ àgbáyé, ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá àbá ni àbí òfin. Àbá lè kó ìtìjú bá aláṣẹ. Kò lè so ó lọ́wọ́.

Àdéhùn ọdún 2025: ṣé wọ́n ti tà wá fún WHO ni?

Èyí ni ariwo rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ jù. Lọ́jọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, lẹ́yìn ìjíròrò ọdún mẹ́ta, àwọn orílẹ̀-èdè tó pàdé ní Geneva gba àdéhùn kan wọlé lórí bí ayé ṣe máa múra sílẹ̀ de àjàkálẹ̀ àrùn tó ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n dìbò lórí rẹ̀, orílẹ̀-èdè 124 gbà, kò sẹ́ni tó kọ̀, 11 kò dá sí i. Ọ̀rọ̀ ti ń lọ káàkiri látìgbà náà pé WHO ló máa wá máa pàṣẹ kónílé-ó-gbélé, pé àwọn ló máa fi tipátipá gún èèyàn lábẹ́rẹ́.

Àdéhùn náà sọ̀rọ̀ sí i ní tààrà: kò sí ohunkóhun nínú ẹ̀ tó fún WHO lágbára láti yí òfin orílẹ̀-èdè kankan padà, láti ti ẹnubodè, láti sọ abẹ́rẹ́ di dandan, tàbí láti sé ará ìlú mọ́lé. Ohun tó wà níbẹ̀ ní pàtàkì ni pàṣípààrọ̀: kí orílẹ̀-èdè tí àrùn tuntun bá ti yọjú tètè fi kòkòrò àrùn náà han ayé, kí àwọn ilé iṣẹ́ tó bá wọnú ètò náà sì máa ya tó ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún abẹ́rẹ́ àti oògùn tí wọ́n ń ṣe sọ́tọ̀ fún WHO, tí ó kéré tán ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe máa jẹ́ ọ̀fẹ́. Bí pàṣípààrọ̀ yẹn ṣe máa ṣiṣẹ́ gan-an ló dá ìjà sílẹ̀, débi pé wọ́n yọ ọ́ sí àfikún kan tí wọ́n fi sílẹ̀ láti jíròrò lẹ́yìn. Wọ́n ní àfikún náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọlé kí orílẹ̀-èdè kankan tó lè buwọ́ lu àdéhùn náà.

Ìbuwọ́lù náà kò tíì tó. Orílẹ̀-èdè 60 gbọ́dọ̀ gbà á nílé kó tó lè ṣiṣẹ́, ilé sì ni ọ̀rọ̀ ti wá di ti aṣòfin. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò dọ́gba. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba á gbé ìwé àdéhùn síwájú ilé fún ọjọ́ ìjókòó 21, kí ẹni tó bá lòdì sí i lè sọ. Ní Amẹ́ríkà, ìwé òfin wọn ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn sẹ́nétọ̀ tó bá wà níjòókòó ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí irú àdéhùn tí wọ́n bá gbé wá síwájú wọn. Ní Nàìjíríà, abala 12 nínú ìwé òfin 1999 sọ pé àdéhùn tí ìjọba bá bá ilẹ̀ òkèèrè ṣe kò lágbára òfin nílé àyàfi bí àwọn aṣòfin bá sọ ọ́ di òfin.

Ohun tó máa dé iwájú ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó nìyẹn, lórílẹ̀-èdè kan tẹ̀ lé òmíràn. Iṣẹ́ tí wọ́n ní kò sí nínú àwòrán pápákọ̀: kí wọ́n ka ìwé náà tán, kí wọ́n pe mínísítà ìlera wá, kí wọ́n bi í pé mélòó ni ètò yẹn máa gbà lọ́dọọdún, inú bọ́jẹ́ẹ̀tì wo ló máa ti jáde, ilé àyẹ̀wò wo ló máa yẹ kòkòrò náà wò, kí wọ́n sì tẹ aṣòfin orílẹ̀-èdè kejì láago pé, “Ẹ̀yin náà ńkọ́, ibo lẹ bá a dé?”